Ìdáhùn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yẹ̀ Wò

Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sú Wulan, ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sì ń rí i lára.

Ní Semarang, ìlú kan ní Indonesia, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún ilé ìdáná àwọn jẹ́lé-ó-sinmi ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ètò náà á béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ìyẹn á sì dáhùn. Wulan ti kọ ọ́ sínú ètò pé orúkọ oúnjẹ ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ìlérí de ẹni tó wà lódìkejì? Ìdí nìyẹn tó fi ṣe ayẹ̀wò sí i, tí yóò máa yẹ ìdáhùn wò kó tó gbà á. Ayẹ̀wò náà kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá wù lè pa á bí iná, ètò á sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kò lè sọ òótọ́ kíkorò lójú ẹnikẹ́ni, ìwà àwọn ará ìlú náà ṣáà nìyẹn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ̀rọ wọn á ṣì dáhùn pé gbogbo rẹ̀ ti dáa, á wá rọra bẹ̀bẹ̀ nísàlẹ̀ pé kí wọ́n mú sùúrù. Ìwà pẹ̀lẹ́ burúkú! Ayẹ̀wò ló ń tú wọn fó, ojú kọ̀ǹpútà á sì pọ́n. Ọ̀gá Wulan, Pak Hendarto, kò fẹ́ kí àwọn àlejò tó ń wá wo iṣẹ́ wọn rí pupa.

"Pa á," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá." Wulan sì pa á.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ ló dé dípò ìdáhùn fún Sekar, ọmọdébìnrin tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà, tí ọ̀fun rẹ̀ á dí bó bá jẹ ẹ́. Ètò kò rí orúkọ oúnjẹ kankan, ilé ìdáná sì gbà pé kò sí èèwọ̀. Wọ́n bu gado-gado, ewébẹ̀ bíbọ̀, fún un, ọbẹ̀ ẹ̀pà ló wà lórí rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ọmọ náà kú kí abẹ́rẹ́ tó dá èémí rẹ̀ padà.

Wulan tan ayẹ̀wò. Ibi gbogbo pọ́n.

Pak Hendarto wọlé, ó ń jẹ tòfú díndín, epo ń dán létè rẹ̀.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń mí, ọ̀gá."

"Ọpẹ́ o! Ó yá, pa nǹkan pupa yìí, àwọn àlejò ti ń gòkè bọ̀."

Wulan gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó dìde, ó fa àga rẹ̀ fún un.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ẹ pa á fúnra yín, kó jẹ́ orúkọ yín ni wọn yóò bá níbẹ̀ bí ọmọ mìíràn bá kú."

Pak Hendarto wo àga, kò jókòó. Ó ń wojú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù káàkiri, ó ń wá ẹni tí yóò rán, títí àwọn àlejò fi ṣílẹ̀kùn.