Kò Sí Nǹkan Nínú Ẹ̀

Bí ẹ bá rí Yusrah láàárín pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní Peckham lọ́jọ́ náà, bó ṣe kó ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ẹ ó rò pé òun ló bí bàbá ni. Páálí ti kún ilẹ̀. Wọ́n ti di àwo, wọ́n ti di kòkò, wọ́n ti di gbogbo aṣọ Àlàájì Sàká pátá, nítorí orúnkún ọkùnrin náà kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ọmọ rẹ̀ sì ń kó o lọ sí ilé tirẹ̀ ní Brockley. Ohun kan ṣoṣo ló kù lára ògiri, ìbọn ni.

Ìbọn ọdẹ ni, irú èyí tí wọ́n ń gba ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù sí, tí òkúta sì ń ṣáná sí. Ó gùn, ó dúdú, igi ìdí rẹ̀ ń dán nítorí ọwọ́ àwọn tó ti dì í mú. Bàbá tó bí Sàká ló ni ín, ní Ìgbòho, ó sì ti wà lókè tẹlifíṣọ̀n náà kí wọ́n tó bí Yusrah. Nínú gbogbo ohun tí bàbá náà fi sílẹ̀, òun nìkan ló kan Sàká.

"Daddy, I'm not being funny," ni Yusrah wí, "but that thing ò lè wọ ilé mi. Mo ní kids. Àfi tí somebody who actually knows bá sọ pé it's legal. Tí wọ́n bá ní kò legal, a máa gbé e fún police, wọ́n á bà á jẹ́. Finish."

"Wọ́n á ba kí ni jẹ́? Ìbọn bàbá mi?"

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ now."

Sàká jókòó sórí páálí kan. Ẹ̀rù bà á, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ọjọ́ tí dókítà ní kó wá gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù kò bà á tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gba ìbọn yìí, kí ni yóò na ọwọ́ sí tí yóò sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé bàbá òun nìyí?

Yusrah ti rí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn Sydenham, níbi tí ọkùnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Vincent ti ń ta ìbọn àtijọ́, tó tún ń ṣàtúnṣe wọn. Ó pè é, ó sì fi fóònù sí sípíkà kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́. Vincent bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèwọ̀ ilé rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé gbé ìbọn wá bá òun, àfi kó kọ́kọ́ pè. Ó ní kí wọ́n wé e dáadáa, kí wọ́n má tú u lójú títì, kí wọ́n má sì tú u lẹ́nu ọ̀nà. Tí wọ́n bá wọlé, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbé dání, kí wọ́n sì dúró títí òun yóò fi ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Ó ní ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kọjú sí ènìyàn, ìbáà jẹ́ ìbọn tó ti kú.

Sàká bú sẹ́rìn-ín.

"What's funny?" Yusrah bi í nígbà tó pa fóònù.

"Òfin bàbá mi ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń kà! Ta ló sọ fún un?"

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ní agbo ilé wọn ní Ìgbòho, ọdẹ tó bá wá kí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í gbé ìbọn kọ́ èjìká wọlé wàrà bí ẹni tó ń bọ̀ wá jagun. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Yóò kígbe pé, "Mo gbé e dání o!" Bàbá Sàká yóò dáhùn láti inú ilé pé, "Kò sí nǹkan nínú ẹ̀?" Àlejò yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ìgbà náà ni bàbá yóò jáde, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹnu ìbọn á máa wo òkè, yóò sì fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé omi fún àlejò. Sàká àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa fi pòròpórò ọkà bàbà ṣe eré náà lẹ́yìn ilé, ẹni tó bá wá na pòròpórò sí ẹnì kejì rẹ̀ á gba ìfọ́tí lọ́wọ́ bàbá. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń gbóòórùn ẹ̀tù àti èéfín ẹran gbígbẹ nínú pálọ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju páálí lọ. Àárò ilé sọ ọ́ gan-an.

Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé ìbọn, wọ́n fi okùn dì í. Yusrah ṣe kìlọ̀kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀ kó má pe orúkọ nǹkan náà lórí àtẹ̀gùn, torí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Peckham gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń kó ẹrù jáde. Wọ́n pàdé Ìyá Magdalene, aládùúgbò wọn, tó wọ sùtánà funfun, tó ń ti ìsìn bọ̀.

"Àlàájì, kí lẹ gbé dání tó gùn tó báyìí?"

"Ọ̀pá kọ́tìnì ni," Sàká dáhùn.

"Olúwa á jẹ́ kí ẹ lò ó pẹ́ o!"

Sàká ṣe àmín. Yusrah ń fi ẹnu sínú hìjáábù rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ìdí mọ́tò.

Ṣọ́ọ̀bù Vincent kò tóbi. Òórùn òróró ìbọn kún inú rẹ̀. Vincent fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tírínrín, ó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn, oníbàárà kan sì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Yusrah fẹ́ wọlé tààrà, àmọ́ Sàká na apá dá a dúró. Ó dúró gbọn-in lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹrù rẹ̀ lóòró, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun gbé e dání. Inú Vincent dùn. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn mọ ìwà hù tó bẹ́ẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, "Kò sí nǹkan nínú ẹ̀, àbí?"

Sàká ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu ọ̀nà Ìgbòho ló wà.

"Yes," ló wí.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní kò sí, tí ìwọ náà mọ̀ pé kò sí, bẹ́ẹ̀ ni lo máa dá a lóhùn. Lọ́dọ̀ òyìnbó, "yes" yẹn túmọ̀ sí pé nǹkan wà níbẹ̀. Ojú Vincent funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí Sàká rọra gbé e kalẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì jáde. Oníbàárà yẹn ò dúró gba ìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ dáadáa tó fi bọ́ síta.

"No! He means no!" Yusrah pariwo. "Daddy, say no!"

"Kí ló dé tí màá fi sọ pé no? Ọ̀gbẹ́ni ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Mo ní yes, kò sí. Ṣé kí n pe onílé ní òpùrọ́ ni?"

Yusrah túmọ̀ rẹ̀ fún Vincent. Vincent họ orí. Ó bi Sàká bóyá "yes" rẹ̀ túmọ̀ sí "no."

"Yes," Sàká dáhùn.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Vincent tú búláńkẹ́ẹ̀tì. Ó wo ibi tí òkúta ń ṣáná sí, ó wo abẹ́ agolo ìbọn, ó ní nǹkan yìí ti pẹ́ ju bàbá bàbá òun lọ, pé òfin gbà kó wà lára ògiri bí ohun ọ̀ṣọ́, tí ẹnikẹ́ni kò bá ti ní ki ẹ̀tù sí i. "Àlùhámúdùlílà!" ni Sàká wí. Yusrah mí kanlẹ̀.

Àfi bí Vincent ṣe ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu ìbọn láti fi yẹ inú rẹ̀ wò. Ọ̀pá náà kò dé ìdí. Ó fà á jáde, ó tún tì í wọlé, kò dé ìdí síbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì rọra sọ fún wọn pé nǹkan wà nínú ẹ̀.

"Wait, what? Abẹ́ nǹkan yẹn la ti ń jẹun all my life?" Yusrah di orí mú.

Vincent ní kò sí ẹ̀tù níbi tí òkúta ń ṣáná sí, kò lè dédé yìn. Ṣùgbọ́n òun kò lè jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Tí òun bá rí ohun inú rẹ̀ fà jáde, kí wọ́n máa gbé ìbọn wọn lọ. Tí kò bá jáde, ọlọ́pàá ni yóò gbà á, wọn ò sì ní rí i mọ́. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu omi dání.

Sàká jókòó, ó dì mọ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdẹ ni, kò sì yẹ ìbọn wò. Àmọ́ ta ló ń yẹ ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí omijé kún ojú? Ó ń gbàdúrà lábẹ́nú. Yusrah jókòó tì í.

Vincent padà wọlé pẹ̀lú ìbọn, ó ní ó ti mọ́ nínú, ó ti di tiwọn. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan kò yé òun. Ẹni tó ki ìbọn yìí fara balẹ̀ kì í, ó gún un dáadáa, kò sì sí ọta nínú rẹ̀, ẹyọ kan báyìí kò sí. Ta ló ń ki ìbọn tí kò fẹ́ fi pa nǹkan kan? Ó na ọwọ́, ó ní kí wọ́n bá òun wo ohun tó fi dí i.

Omi ti rin ín, ó ti dúdú, síbẹ̀ ó ṣì ń pọ́n níbì kan. Sàká gbà á, ó gbé e sí imú.

"Ìhá ni," ó ní. "Ìhá ẹyìn ni."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Yusrah, tí ọmọ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, bàbá mi máa ń yin ìbọn kan sójú ọ̀run. Kì í fi ọta sí i, ẹ̀tù àti ìhá lásán ni, kí gbogbo Ìgbòho lè mọ̀ pé ọmọ òun ti dé. Ó yìn ín fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ti Mẹ́kà bọ̀, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ló sá wọgbó, ìyá mi ń jó. Mo ránṣẹ́ láti London níbí pé mò ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá padà sílé nìyẹn. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀ ni bàbá mi kú. Nígbà tí mo wọ agbo ilé, ẹnikẹ́ni ò kí mi káàbọ̀. Ẹ kú ará fẹ́ra kù ni gbogbo wọn ń wí. Wọ́n kan gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́."

Ó sunkún bí ọmọdé, níwájú òyìnbó tí kò gbọ́ ohun tó sọ, tó sì rọra yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Yusrah gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá síwájú bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù náà, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Daddy," ó ní.

Ohùn rẹ̀ kò ròkè níbi tó yẹ kó ròkè, Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sàká gbọ́ ọ dáadáa.

"O ṣé, ọmọ mi," ó dáhùn. "Mo ti dé."