Ìgbọ̀nwọ́ Tí Ó Ń Jò

"Kò tíì le tó, Bàbá. Ẹ tún un lọ́," ni ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Lọ́yà wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di páìpù náà mọ́ ògiri.

Bàbá Dírẹ́bà tún fi sípánà há ìgbọ̀nwọ́, irin kọdọrọ tí ó so páìpù méjì pọ̀, ó sì lọ́ ọ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà kí ó tó wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò láti kọ́ iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, ó sì dàgbà ju olùkọ́ rẹ̀ lọ dáadáa.

Olùkọ́ náà, Ìyá Páìpù, dúró lẹ́yìn wọn. Ó ti rí àṣìṣe náà kí wọ́n tó gbé sípánà rárá. Tẹ́ẹ̀pù funfun tí wọ́n wé mọ́ ẹnu páìpù kí omi má baà ráyè jáde, òdì ni wọ́n wé e. Bí ìgbọ̀nwọ́ ṣe ń wọlé ni tẹ́ẹ̀pù ń tú. Wọn ìbáà lọ́ ọ títí di ọ̀la, yóò jò ni. Ọwọ́ ń yún un. Ó kó méjèèjì sẹ́yìn, ó sì fi ọ̀tún di òsì mú bí ẹni mú olè.

Lẹ́yìn yàrá iṣẹ́ náà, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó lórí àga onígi, bàtà rẹ̀ ń dán. Obìnrin tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíṣà Àwọn Tíṣà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Òun ni yóò sọ lónìí bóyá Ìyá Páìpù yóò máa bá kíláàsì yìí lọ, tàbí kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sí yàrá irinṣẹ́ tí ó ti wá, kí ó máa nu sípánà fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹlòmíràn.

Ìyá Páìpù ti kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, Tíṣà Àwọn Tíṣà fi fóònù ya fídíò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn kíláàsì.

"Ẹ wò ó, mà. Kí lẹ rí?"

"Mo rí iṣẹ́ tó mọ́."

"Ta ló ṣe é?"

Ìyá Páìpù wo fídíò náà títí. Ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ ni ó kún ojú fóònù. Gbogbo ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fẹ́ ṣì í ṣe ni ó ń já sípánà gbà, tí ó sì ń parí iṣẹ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń na ọrùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń yọjú wo ìjà lórí odi.

"Mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

"Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n ṣe, mà. Àwọn ni wọ́n wá kọ́ ọ."

Ìbínú ni ó gbé e délé. Ọkọ rẹ̀ ń fọ ìkòkò lọ́wọ́. Ó ro ọ̀rọ̀ náà fún un. "Ọmọ àná yẹn ní mi ò kí ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan!" Bí ó ti ń sọ ọ́, ó na ọwọ́ gba kànrìnkàn. "Wọn kì í fọ ìdí ìkòkò báyẹn."

Ọkọ rẹ̀ nu ọwọ́, ó jókòó. "Ǹ bá bá ẹ dá sí ọ̀rọ̀ náà," ni ó wí, "àmọ́ mo ń bẹ̀rù kí o má gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi."

Ó dun Ìyá Páìpù, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ẹni tí ń fi ìbínú jẹ àkókò. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ó bá àwọn olùkọ́ yòókù jókòó, tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè, kí a sì panu mọ́ títí yóò fi dáhùn. Olùkọ́ ìṣirò a máa sùn. Olùkọ́ aṣọ rírán ní òun ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí ẹni tó fẹ́ kọ́ òun. Ìyá Páìpù kì í sùn, kì í sì í pẹ́ dé. Pípanu mọ́ ni ó le jù fún un. Ó fi ilé dánrawò: ó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fọ ìkòkò tán pẹ̀lú ìdí dúdú, kò sọ̀rọ̀, ó sì jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè nínú rẹ̀.

"Ṣé ká ṣí omi, Tíṣà?" Lọ́yà bèèrè lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára páìpù.

"Kí lo rò?"

"Mo rò pé ó ti le."

"Ó dáa. Ṣí i."

Omi kọ́kọ́ kán tó. Lẹ́yìn náà ló tú jáde bí okùn, ó la yàrá kọjá, ó sì bà lé bàtà tó ń dán.

"Ìyá Páìpù!" Ọ̀gá fò dìde. "Ṣé ẹ ò rí i ni? Ẹ dí i, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mo rí i, sà. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, sà. Kíláàsì ń lọ lọ́wọ́."

Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Lọ́yà ti sáré pa omi. "Kò le tó ni! Ṣé mi ò sọ?"

"Kò le tó báwo?" Bàbá Dírẹ́bà fi apá nu ojú. "Tí mo bá tún lọ́ ọ, apá mi ló máa jáde." Ó na sípánà sí olùkọ́ rẹ̀. "Ìyá wa, ẹ gbà. Ojú ń tì mí níwájú àlejò. Ẹ bá wa fi ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kàn án."

Sípánà náà wà níwájú Ìyá Páìpù. Bí ó bá gbà á, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni: omi á gbẹ, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, kíláàsì á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ti kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà rí?"

"Háà! Wọn ò lóǹkà."

"Ta ló máa ń di síárìn mú?"

"Ẹni tó ń kọ́ ọ ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi? Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń pe Ọlọ́run."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ń pè é báyìí," ni Ìyá Páìpù wí. "Ẹ di síárìn yín mú, Bàbá. Níbo gan-an ni omi ti ń jáde?"

Bàbá Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ibi tó tutù náà. "Ibi tí páìpù ti wọnú ìgbọ̀nwọ́."

"Kí ló wà níbẹ̀ tó yẹ kó dí i?"

"Tẹ́ẹ̀pù."

Ìyá Páìpù panu mọ́. Ọ̀gá wo aago, ó fẹ́ sọ̀rọ̀; Tíṣà Àwọn Tíṣà gbé ọwọ́ díẹ̀, ọ̀gá sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ẹ tú u," Lọ́yà sọ níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀."

Wọ́n tú u. Tẹ́ẹ̀pù ti wọ́ jọ sẹ́nu páìpù bí àkísà tí eku jẹ. Lọ́yà gba ìgbọ̀nwọ́, ó yí i lójú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń bá a yí. Lójijì ó kígbe.

"Òdì! Òdì la wé e! Bí ẹ ṣe ń lọ́ ọ lẹ ń tú u. Gbogbo agbára yín yẹn, ẹ ń fi bà á jẹ́ ni!"

"Ìwọ lo wé e," ni Bàbá Dírẹ́bà wí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe kíá!"

"Ẹ gbé ẹjọ́ yín dìgbà tí ẹ bá ń lọlé," Ìyá Páìpù ní. "Apá ibo ló yẹ ká wé e sí?"

Lọ́yà nu ẹnu páìpù, ó mú tẹ́ẹ̀pù tuntun, ó sì wé e sí apá tí ìgbọ̀nwọ́ ń yí sí, ó ń fà á le bí ó ti ń wé e. Bàbá Dírẹ́bà lọ́ ọ. Iṣan ọrùn kankan kò yọ. Wọ́n ṣí omi. Bàbá ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó yọ ọ́ jáde, ó sì gbé e yí gbogbo yàrá ká.

"Ó gbẹ bí ọ̀fun mi! Èmi ni mo ṣe é." Ó yíjú sí Lọ́yà. "Èmi àti ọmọ mi yìí."

Ihò tí Ìyá Páìpù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí láyé kò lóǹkà. Kò sí èyí tó mú orí rẹ̀ wú báyìí.

Ọ̀gá ń nu bàtà. "Gbogbo àkókò yìí lórí ìgbọ̀nwọ́ kan! Ẹ ti rí àṣìṣe yẹn látìbẹ̀rẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́?"

"Ká ní mo sọ ọ́, sà, á gbẹ lónìí. Lọ́la, nílé onílé, níbi tí mi ò sí ńkọ́? Ẹ mọ̀ mí, mi ò fẹ́ràn òfò. Omi ilẹ̀ yìí, a máa nù ún. Kéèyàn máa kọ́ ẹnì kan ní nǹkan kan náà léraléra, òun gan-an ni òfò."

Tíṣà Àwọn Tíṣà dìde. "Kíláàsì yín ni, mà. Ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fẹ́ káwọn olùkọ́ yòókù wá jókòó síbi tí a jókòó sí yìí."

"Kí wọ́n wọ bàtà òjò wá," Ìyá Páìpù dáhùn.

Nígbà tí àwọn àlejò méjèèjì fi máa jáde, Lọ́yà àti Bàbá Dírẹ́bà ti dé orí ìgbọ̀nwọ́ mìíràn, wọ́n tún ti ń jiyàn.

"Tíṣà!" Lọ́yà pè. "Ẹ wá bá wa wò ó ká tó ṣí i. Ṣé ó dáa?"

Ìyá Páìpù ti gbé àpò kọ́ èjìká. Kò tíì fi yàrá iṣẹ́ sílẹ̀ rí kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kẹ́yìn tó jáde.

"Ẹ bi omi," ó ní. "Òun kì í purọ́."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì jáde. Ó gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.