Ẹrẹ̀ Tó Di Ilẹ̀ ní Rore

Ọdún mọ́kànlá ni adágún ẹrẹ̀ kan fi wà lẹ́yìn ìlú Rore. Àwọn tó ń wa kùsà níbẹ̀ ti kó ẹrù wọn lọ, wọ́n fi ẹrẹ̀ tí wọ́n fọ̀ kúrò lára kùsà sílẹ̀ lórí oko Màmá Rúùtù, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Òkè rẹ̀ gbẹ, ó sán bí ilẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí ògì. Oyèyẹmí, àbúrò ọkọ Màmá, gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, ó rì dé ìbàdí. Okùn àti ọkùnrin mẹ́rin ló yọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí Màmá fi rẹ́rìn-ín nígbà tí Jannat, ẹnjiníà tí wọ́n rán wá láti Ìlọrin, sọ pé ọkọ̀ típà máa gun ibẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kó ẹrẹ̀ ọ̀hún dànù ni?"

"Rárá, mà. Omi inú rẹ̀ la máa lé jáde."

Wọ́n tẹ́ aṣọ kan tó le bí àpò ìrẹsì sórí ẹrẹ̀, wọ́n da iyanrìn lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ kan tó ga ju ọ̀pẹ lọ wá ń ti ọ̀já oníke pẹlẹbẹ tó níhò nínú wọlẹ̀, títí orí wọn fi yọ lórí iyanrìn bí èèhù àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ pupa jọ lé gbogbo rẹ̀, ó ga ju ilé lọ.

"Ẹrù yìí á tẹ̀ ẹ́, mà. Omi á gba inú ọ̀já gòkè, á gba inú iyanrìn jáde."

Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, òjò ò rọ̀ láti oṣù méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá lọ wò ó. Omi tó mọ́ gaara ń sun lẹ́sẹ̀ òkìtì yẹ̀pẹ̀ náà yí ká, ó ń ṣàn lọ sínú kòtò tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí. Ó lóṣòó, ó na ìka sí i.

"Ẹ má mu ún o, mà! A ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò."

Orí Màmá wú. "Jannat, ta ló ń pọn omi yìí sókè?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ìwúwo ni."

Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kì í lọ. Òkìtì ń wálẹ̀ lójú rẹ̀, láìsí ẹni tó gbé ṣọ́bìrì. Ọ̀pá tí wọ́n fàmì sí lára, tí wọ́n rì mọ́ òkìtì náà, ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ, fún oṣù mẹ́jọ kó tó dúró gbọin.

Nígbà tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ òkè kúrò, ilẹ̀ ti fi ìdúró ènìyàn kan lọ sísàlẹ̀. Típà tó kó òkúta kún gùn ún kọjá. Màmá ò mí títí ó fi dé òdìkejì. Ó bọ́ bàtà, ó tẹ̀lé ipa táyà lọ, ilẹ̀ le koko lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì," ó ní. "Irú èyí ò ṣojú mi rí."

"Ẹ má gbin nǹkan jíjẹ síbẹ̀ o, mà. Oró kùsà ṣì lè wà nínú rẹ̀."

"Mo gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, wàá bá mi dé ilé-ẹ̀kọ́."

Lọ́jọ́ Ajé náà, Jannat dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ, ó ń gbọ́.