Ènì Tí Hervé Kò Fẹ́ Kọ

Bí Hervé bá ń sọ̀rọ̀ nípa èdè tuntun tó fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ohùn rẹ̀ a máa rọ̀ bíi ti ọkùnrin tó ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ lábẹ́ òṣùpá. Èmi Moufidatou, òmùgọ̀ tí mo jẹ́, mo rò pé èmi gan-an ló ń bá wí.

"Mufi, nínú èdè yìí, ohun tí o bá ti sọ lórúkọ, kì í yí padà mọ́ láéláé. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfẹ́ mi sí ọ."

Ta ni kò ní yọ́? Olùkọ́ ìṣirò ni, ọmọ Sakété tí ìjọba gbé wá sí Ṣábẹ̀. Eyín rẹ̀ funfun, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ìkànnì tí Màmá Adjara, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní kí n ṣe fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta èlùbọ́ àti kajú yíyan, kí àwọn ará Kútọnù lè máa rà á láti ibi tí wọ́n wà. Bí àwọn obìnrin bá ti gba iṣẹ́ náà, màá dá a lóhùn.

Èdè àtijọ́ tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe é. Hervé yínmú. "Ìdọ̀tí nìyẹn!"

Ni mo bá kọ́ èdè tuntun náà. Ìyà jẹ mí! Èdè náà kì í jẹ́ kéèyàn fo ohunkóhun. Bí mo bá kọ ọ́ pé oníbàárà gbà, á bi mí pé tí kò bá gbà ńkọ́? Tí kò bá dáhùn rárá ńkọ́? Bí ìyá ọkọ tó ń yẹ ìdí ìkòkò wò. Tí mo bá ti ṣe àṣìṣe, á fa ìlà pupa sí i, màá tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbà, ó gbà nìyẹn, kì í dalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn rẹ̀. Mo rò pé ẹni tó mú un wá náà rí bẹ́ẹ̀.

A gbé e lọ sí àgbàlá Màmá Adjara. Wọ́n ti gún iyán dè wá. Màmá tẹ fóònù bí ẹni ń tẹ ata, ó ṣe bíi pé òun ni oníbàárà, ó ra èlùbọ́ òṣùwọ̀n tóńgólò kan. Ìkànnì ní ọjà ti parí.

"Ó dáa o. Níbo ni mo ti máa fi ènì sí i?"

Hervé rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọjà ti parí. Èdè yìí kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan ohun tó bá ti parí."

"Ìgbà tí ọjà bá parí náà la ń bu ènì! Ẹni tó bá kí mi dáadáa, ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹni tó bá béèrè àwọn ọmọ mi, ẹ̀kúnwọ́ méjì."

"Ta ló máa kí yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀! Àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé yín, Mùsíè olùkọ́, pé o kì í kí ẹni tó ń tà fún ẹ?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Awawou, tó jẹ́ akápò wọn, nu ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ọjà tí kò ní ènì, ọjà ahun ni. Ẹ máa gbé e lọ."

Hervé jẹ iyán wọn tán kó tó dìde.

Mo padà sílé, mo ṣí àlàyé èdè náà, mo ń kà á. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Lóòótọ́, a kì í fọwọ́ kan ọjà àtijọ́, ṣùgbọ́n a lè dà á kọ sí ọjà tuntun tí ènì wà lórí rẹ̀, kí ti àtijọ́ sì wà bó ṣe wà. Mo kọ ọ́. Kò sí ìlà pupa kankan! Mo sáré gbé kọ̀ǹpútà mi lọ bá olólùfẹ́ mi. Mo rò pé kò mọ̀ ni.

"Hervé, ènì náà ṣeé ṣe!"

Kò gbójú sókè. Kajú yíyan ló ń jẹ, èyí tí Màmá Adjara bù fún un lọ́fẹ̀ẹ́. "Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Mufi, mo fẹ́ fi iṣẹ́ yẹn han àwọn ẹgbẹ́ mi ní Kútọnù. Ṣé kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wá bá ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ níbẹ̀? Wọ́n á ní mo ti di ará oko. Mo kàn di ẹ̀bi náà ru èdè yẹn ni. Kí làwọn ìyá yẹn mọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kajú tó ti lọ̀ kúnná lẹ̀ mọ́ eyín funfun tí mo fẹ́ràn. Ẹnu tó ń jẹ oúnjẹ wọn ló fi ń kẹ́gàn wọn.

"Ó yá, dá mi lóhùn, ayọ̀ mi." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ìka rẹ̀ kún fún òróró, ó ń yọ̀ bí ìgbín. Mo fà sẹ́yìn.

"Èdè tí o pè ní aláìlẹ́tàn ni o fi purọ́ fún àwọn ìyá mi. Mi ò fẹ́ ẹ."

"Nítorí ènì?"

"Nítorí ènì."

"O ò ní rí irú mi mọ́ ní Ṣábẹ̀ yìí!"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí i."

Mo tutọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo há kọ̀ǹpútà mi sí abíyá, mo kọrí sílé Màmá Adjara láti lọ fi ènì náà hàn án.