Tikbalang Kan, Duwende Mẹ́jọ

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Dalisay nìkan fi ń dá ẹ̀dá abàmì fún eré tí wọ́n ń ṣe lórí tábìlì Teban, lókè ilé búrẹ́dì kan nílùú Iloilo, lórílẹ̀-èdè Philippines. Oṣù méjì péré ni Isko dé, gbogbo ẹnu sì ti di "Isko ṣe báyìí, Isko ṣe báyẹn." Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Lọ́sàn-án Sátidé yìí, wọ́n fẹ́ yan ẹ̀dá tí yóò ṣọ́ bodè ìkẹyìn nínú eré. Dalisay mú tikbalang wá, òmìrán olórí ẹṣin: ọgọ́fà ẹ̀mí ló ní, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kan sì ń gba ọgbọ̀n ẹ̀mí lára ọ̀tá. Isko mú duwende mẹ́jọ wá, àwọn aràrá abẹ́ ilẹ̀: ẹ̀mí méjìlá péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ẹ̀ṣẹ́ wọn ò sì gbà ju mẹ́jọ lọ.

Dalisay bú sẹ́rìn-ín. "Bodè ni wọ́n fẹ́ ṣọ́, àbí wọ́n fẹ́ gbálẹ̀ ibẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà ná, ẹ̀gbọ́n mi," ni Isko fèsì.

Teban, olùdarí eré, gbé dáìsì olójú ogún kalẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í da dáìsì fún ẹ̀dá tirẹ̀. Alátakò ni í bá a dà á. Bí ó bá ti pé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ṣẹ́ balẹ̀.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe Dalisay ti hàn. Duwende kan ló fi wé tikbalang, kò fi mẹ́jọ wé e. Ẹ̀ṣẹ́ ńlá náà ń pa aràrá kan ṣoṣo, agbára tó ṣẹ́ kù ń ṣòfò. Àwọn yòókù sì ń ya bo tikbalang. Nígbà tí Isko da ogún fún tikbalang náà, Isko fúnra rẹ̀ hó yèè, bí ẹni pé ẹ̀dá tirẹ̀ ni. Ìyẹn gan-an ló bí Dalisay nínú jù.

Níkẹyìn, ó ku duwende kan. Ẹ̀mí tikbalang ku mẹ́jọ. Dalisay da dáìsì fún duwende náà. Ó yí lọ sẹ́yìn abọ́ ọbẹ̀ batchoy rẹ̀, níbi tí ojú òun nìkan tó. Mẹ́tàdínlógún ni.

"Èló?" ni Teban bèèrè.

"Mẹ́rin" ti dé ètè rẹ̀. Ó wo Isko. Ọmọ náà ò tilẹ̀ na ọrùn. Ohunkóhun tí Dalisay bá sọ ni yóò gbà.

"Mẹ́tàdínlógún." Ó tu ọ̀rọ̀ náà jáde bí itọ́: tikbalang ti kú. Ó kọjú sí Isko. "Ta ló kọ́ ẹ pé kó o kó wọn wá lágbo?"

"Ẹ̀yin mà ni! Àwọn èèrà tí ẹ dá, tí wọ́n ń jà lágbo, mo rí wọn nínú ìwé eré ọdún kìíní."

Dalisay ti gbàgbé àwọn èèrà náà. Kàkà kí ọ̀rọ̀ yìí tù ú nínú, ńṣe ló ta á bí ata lójú egbò: òun ló gbin ọgbọ́n náà, ẹlòmíràn ló ń kórè rẹ̀.

Ẹni tó bá pàdánù ní í kọ orúkọ aṣẹ́gun sínú ìwé eré. Dalisay kọ "duwende mẹ́jọ", ó sì tẹ bírò mọ́ ọn títí ìwé fi ya.

"Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n," ni Isko wí.

"Bírò yìí ò dáa," ni ó dáhùn, kò sì gbójú sókè.