Yàrá Tí Mo Fi Ohùn Bàbá Mi Sí

Irọ́ tí àwọn èèyàn wa máa ń pa fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó máa bínú lọ. Wọ́n á ní ìfẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, òun náà ló sì gba ohun tí mo fẹ́ jù láyé lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún 1997, mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta bébà nísàlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì ló ń kọ́ wa. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ló ní, gbogbo wa la jọ ń lò ó. Kí ẹnì kan má baà ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́, ó pín inú ẹ̀rọ náà sí yàrá yàrá. Ó ní ká wo irú ilé tí à ń gbé ní Mushin, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá: òrùlé kan, kànga kan, ṣùgbọ́n kálukú ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ohun tó bá ń jóná nínú ìkòkò aládùúgbò kò kàn ọ́. Mo rẹ́rìn-ín, torí nílé tiwa, ó máa ń kàn wá.

Mọ́ọ̀dù kan náà ló fi ń ṣe gbogbo yàrá, bí ẹni ń gé búlọ́ọ̀kù. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń gbé yàrá dìde, bí a ṣe ń wo èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń sùn, bí a ṣe ń dá a dúró, àti bí a ṣe ń pa á rẹ́. Méjì tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Yàrá tí o bá dá dúró, ẹrù rẹ ṣì wà níbẹ̀, wàá bá a tí o bá tún gbé e dìde. Èyí tí o bá pa rẹ́, tòun tẹrù ló lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tí o bá fẹ́ràn, gbé e lọ sí àká tó wà lóde yàrá. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ọ̀gá máa ń pa gbogbo yàrá rẹ́, tí yóò sì ṣe tuntun, torí àyè inú ẹ̀rọ náà kò tó nǹkan. Èmi gan-an ni mo máa ń ṣàlàyé òfin yìí fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tìgboyàtìgboyà.

Àmúsà, bàbá mi, ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè Ìdó, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun sì ń jẹ ohùn rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Fàrídà, ìyá mi, kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ọmú. N kò mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Tí mo bá bèèrè, bàbá mi á wolẹ̀, á ní kí n bu omi wá fóun. Ojú máa ń tì í láti sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ níṣojú ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì wá, kí n tẹ̀ ẹ́, kí n sì jáde. Mo fa ilẹ̀kùn pọ̀, mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tó pè mí wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìyá ẹ ló wà níbẹ̀," ó sọ fún mi. "Má tíì gbọ́ ọ. Tí mi ò bá sí mọ́, kó o wá gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà ń yún mi létí, ṣùgbọ́n bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà.

Rédíò wa ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì rí, ẹ̀rù sì bà mí. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e tòun ti kásẹ́ẹ̀tì lọ sí Yaba. Ọ̀gá fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ, ohùn bàbá mi sì ń wọ inú yàrá mi lọ láìsí ariwo. Ó wọlé tán, ó ku kí n gbé e lọ sí àká, ni ẹ̀gbọ́n mi Awwal, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀, bá wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Bàbá ti dìde jókòó o," ó ní. "Wọ́n mu ẹ̀kọ, wọ́n tún ní ká bu sí i. Wọ́n ń bèèrè ẹ, jẹ́ ká máa lọ."

Ayọ̀ kún inú mi. Ẹrù náà wúwo, gbígbé e lọ sí àká yóò pẹ́. Bí bàbá mi bá ń mu ẹ̀kọ, kí ni mò ń kánjú sí? Mo dá yàrá náà dúró, mo ní tó bá di ọ̀la, n ó gbé e. Lójú ọ̀nà, mo fún Ẹ̀gbọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì náà, mo ní kọ̀ǹpútà ti gba ohun tó wà nínú rẹ̀, kó fi gba ohun tó bá wù ú. Ó gbà á, kò wo ojú mi.

Nígbà tí a dé iwájú ilé, mo rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n pọ̀ ju bàtà àwọn tó wá kí aláìsàn lọ. Kò sẹ́ni tó tíì sọ nǹkan kan fún mi, mo ti mọ̀.

Wọ́n sin bàbá mi kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò rántí kọ̀ǹpútà, n kò rántí Yaba, n kò sì jáde nílé títí a fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Jímọ̀ ti kọjá nígbà náà.

Nígbà tí mo padà sí Yaba, Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì kí mi kú ara fẹ́ra kù. Mo wo àwọn yàrá tó wà nínú ẹ̀rọ, mo rí orúkọ mi, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo gbé yàrá mi dìde, mo wọlé. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀gá ní òun rí i pé ẹrù ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òun rò pé mo ti gbé tèmi sí àká bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun ti bá mi ṣe tuntun sílẹ̀ kí n má baà ṣe wàhálà tí mo bá dé. N kò lè bínú sí i. Gbogbo ìbínú náà ni mo gbé lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ní wọ́n mu ẹ̀kọ?"

Ẹ̀gbọ́n fà mí jókòó.

"Bí wọ́n ṣe sọ fún mi náà nìyẹn, nígbà ti Màámi," ó ní. "Wọ́n ní Màámi ti ń jẹun. Mo sáré délé tayọ̀tayọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́nà míì."

Mo bèèrè kásẹ́ẹ̀tì. Ó ti fi gba wáàsí ọjọ́ kẹjọ. Ó lọ mú un wá, ó dà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì sì tẹ́tí. Ó ti jẹ́ kó yí díẹ̀ kó tó máa gba wáàsí sí i, torí náà a gbọ́ ikọ́, lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn tó ti ha:

"Ṣé ó ti ń yí?"

Lẹ́yìn ìyẹn, ààfáà ló kù, tó ń kí àwọn tó wà níjókòó. Bàbá mi ti bi mí ní ìbéèrè yẹn kí n tó jáde, mo kàn mi orí ni. A dà á padà. Nígbà tó tún bèèrè, mo dá a lóhùn sókè pé ó ti ń yí, kí wọ́n máa sọ ọ́, mò ń gbọ́. Ààfáà sì bẹ̀rẹ̀ wáàsí rẹ̀.