Gbànja Aláwẹ́ Mẹ́rin

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sátidé, lọ́sàn-án gangan, nínú ilé sinimá tó kún dẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mo kọ pé kí èèyàn ti sunkún, gbogbo Ṣàgámù rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹfà nìyí. Mo jókòó sínú mọ́tò mi ní Makun, mo kọjú sí ìsọ̀ obì Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù, n kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Hàrúnà ọmọ wọn ló pè mí lánàá. "Bọ̀dá Ilésanmí, Màmá ní kí ẹ yọjú." Mo bi í pé kí ló dé. "Wọn ò sọ o. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ẹ ṣáà máa bọ̀... Mo ti dé. Láti aago mẹ́sàn-án ni mo ti dé.

Ohun tí n óò sọ fún wọn ni pé — ẹjọ́ Adésọjí ni. Òun ló darí fíìmù náà. Òun ló ní kí a kó agbo ilé olóbì lọ sí Èkó, kí a fún wọn ní ilé alájà mẹ́ta àti mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Ọdún mẹ́rin ni a fi ṣe *Agbo Ilé Gbànja* lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo la lò, àwọn èèyàn sì ń sáré wálé wò ó. Ní Ìpẹ̀rú, ẹgbẹ́ akọrin sún ìdánrawò wọn síwájú nítorí rẹ̀. Fíìmù tí a wá fi tẹ̀ lé e yìí ní ohun gbogbo, àfi... Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹjọ́ Adésọjí ni.

Ta ló wá kọ ti gbànja?

Èmi ni. Ọwọ́ mi yìí ni. Alàájà Mọ̀tíátù, ìyá olóbì inú eré, fẹ́ kú. Ọmọ mẹ́rin yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Ó mú gbànja kan nínú apẹ̀rẹ̀ tó kù, ó pa á, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní awẹ́ kan. Ọmọ mẹ́rin, awẹ́ mẹ́rin. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ ọ́. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo ń sunkún lórí obì tí kò sí láyé. Gbànja kì í ní ju awẹ́ méjì lọ. Àbàtà ló ń ní mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ṣàgámù mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Gbànja wo nìyẹn? Ẹ fún wa nírúgbìn ẹ̀ o!" Ọkùnrin kan ló pariwo láti ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà.

"Èkó ló sọ ọ́ di mẹ́rin!" Obìnrin kan nìyẹn.

Ó parí. Láti ibẹ̀, ohun gbogbo ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tí Alàájà mí èémí ìkẹyìn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Obì ilé bàbá mi ni mo kọ. Ní Ìkẹ́nnẹ́, nílé tíṣà onísọ́ọ̀ṣì, obì tó ń wọlé lọ́jọ́ ìdána àti lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àbàtà ni. Bàbá mi á pa á, á pín in, a ó sì gbàdúrà ìparí. Gbànja ìsọ̀ Màmá, odindi ni mo máa ń rí i nínú apẹ̀rẹ̀. N kì í jẹ gbànja, kì í jẹ́ kí n sùn. Ọdún mẹ́rin, n kò pa ẹyọ kan rí.

Ìdí tí mo fi máa ń ka eré tí mo bá kọ fún Màmá nìyẹn. Gbogbo ọjọ́rú, lórí àpótí kékeré, mo ń kà, Màmá ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Wọn kì í wojú mi. "Ọmọ Tíṣà, dúró níbẹ̀. Ta ló ń sá gbànja sóòrùn? Ṣé o fẹ́ ká di ẹni ẹ̀sín ni?" N óò fi bírò fà á, a ó tẹ̀ síwájú.

Fíìmù nìkan ni n kò kà fún wọn. Àyè ò sí. Mo gbàgbé —

Irọ́ ni. Adésọjí pè mí. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé bí gbànja ṣe ń rí nìyí? Ṣé kí n bi ẹnìkan ní ìsọ̀ obì?" Mo dá a lóhùn pé, "Èmi lo ń bi léèrè nípa obì?"

Èmi. Tí mo sọ lórí rédíò lọ́dún kẹta eré wa pé ìwádìí ni mo fi mọ obì. Olóòtú ní, "Ibo lẹ ti mọ ọ̀rọ̀ obì tó báyìí?" Mo ní iṣẹ́ ìròyìn tí mo ti ṣe rí ló kọ́ mi ní ìwádìí. Rédíò Màmá kì í kú nínú ìsọ̀ yìí. Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, "Káàbọ̀, Ọmọ Tíṣà. Kà á," ni wọ́n wí. Wọ́n tún àṣìṣe mẹ́ta ṣe. Láti ọjọ́ náà ni àpótí yẹn ti ń gbóná lábẹ́ mi.

Ìyá Aláwẹ́ Mẹ́rin ni wọ́n ń pe Màmá báyìí. Hàrúnà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ń ti Òkè Ọya wá ń béèrè: "Màmá, ṣé oníméjì ni tiyín àbí onímẹ́rin?" Gbogbo ọ̀wọ́ ìsọ̀ yìí ló mọ ibi tí mo ń jókòó sí. Wọ́n rò pé Màmá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ta ojúlówó...

N óò dọ̀bálẹ̀. N óò ní, Màmá, lórí gbànja yẹn —

Àbí kì í ṣe gbànja?

Lọ́jọ́ Sátidé, èèyàn ti ń jáde, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Màmá kò dìde. Mo fara ti ògiri, mo rò pé orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú. Hàmdálátù ọmọ-ọmọ wọn fẹnu sí wọn létí, ẹnu ọmọ náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Màmá ń mi orí. Mo rò pé ó ń ṣàlàyé ìtàn fún wọn.

Ìtàn ti parí. Orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù ló ń gòkè lójú sinimá.

Màmá kò mọ̀wé. Orúkọ ni ọmọ náà ń kà fún wọn. Orúkọ télọ̀. Orúkọ dírẹ́bà. Orúkọ ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Orúkọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì. Iná tàn, Màmá dìde fúnra wọn, orúnkún wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kọjá lára mi. "Ọmọ Tíṣà, o kú iṣẹ́."

Ọdún mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ wo nínú eré tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹnìkan ka orúkọ ìparí fún wọn?

Wọ́n ti jáde síwájú ìsọ̀ báyìí. Wọ́n gbé àpótí kékeré náà kalẹ̀ níta. Wọn kò wo ọ̀nà mọ́tò mi.

Láàárọ̀ yìí ni ilé sinimá yọ fíìmù náà kúrò. Orúkọ Wúlẹ̀mọ̀tù kò sí nínú rẹ̀.